Òtútù Kì í Mú Irin

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Karùn-ún, 1993

Mo jí lónìí, mo rí èémí ara mi nínú yàrá bí èéfín sìgá. Ta ló rán mi wá sí Jo'burg gan-an? Wọ́n tún ti fowó lé búrẹ́dì.

Ní ọ́fíìsì, Míṣítà Venter ọ̀gá wa pè mí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Tí ọkùnrin yìí bá ti ilẹ̀kùn, wàhálà dé nìyẹn. Ó ní àwọn tó ni iléeṣẹ́ kẹ́míkà ní Vaal, àwọn tí à ń ya páìpù tuntun fún, ti kọ̀wé wá. Wọn ò fẹ́ kí ẹnjiníà kankan fọwọ́ sí ìṣirò páìpù wọn mọ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán an wò. Lọ́dún tó kọjá, ní ibòmíràn tí wọ́n ní, páìpù omi gbígbóná kan já lẹ́nu pọ́ǹpù, omi náà sì bó ọkùnrin méjì. Ọ̀kan kú. Ìṣirò páìpù ọ̀hún wà nílẹ̀ o, wọ́n fọwọ́ sí i lójú ewé gbogbo. Kò kàn bá ohun tí páìpù fẹ́ ṣe mu ni.

"Ìwọ lo máa dán wọn wò, ìwọ tó ti ṣe tíṣà rí," ni Venter wí. "Nel, Pillay àti Abisoye."

Mo ní mi ò lè dán Míṣítà Àbísóyè wò. Ó ní kí ló dé. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ṣí fáìlì, ó wo orúkọ bàbá mi, ó wo orúkọ bàbá wọn.

"Ṣé ìyá kan náà ló bí yín ni?"

"Rárá o."

"Bàbá ńkọ́?"

"Rárá."

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga Àbísóyè yìí ló rí mi ní Maseru, ìlú kan lẹ́yìn ẹnubodè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ páìpù rí láyé ẹ̀. Wọ́n mú mi wá síbí, wọ́n fún mi ní yàrá ẹ̀yìnkùlé wọn ní Troyeville, wọ́n bá Venter yìí gan-an sọ̀rọ̀ kó tó gbà mí síṣẹ́. Oúnjẹ ìyàwó wọn ni mò ń jẹ. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí là ń pè ní ẹ̀gbọ́n?

Venter ní tí mi ò bá ṣe é, wọ́n á gba àjèjì láti ìta, àjèjì ò sì ní wojú ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Orí ń fọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Karùn-ún

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n nídìí oúnjẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìwọ Wàídì? Ìwọ lo fẹ́ dán mi wò? Ayé mà ti bàjẹ́ o! Ó dáa, tètè ṣe é, ká gbọ́ nǹkan míì." Wọ́n ju ẹran kan sínú àwo mi. "Jẹun, tíṣà. Kébi má lọ mú kó o fún mi ní òdo."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Rodiat ìyàwó wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò bá yege ńkọ́?"

Oṣù Kẹjọ ni pẹ́míìtì wọn, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbí, máa tán, ìwé tí iléeṣẹ́ bá kọ ni ìjọba sì fi ń tún un ṣe. Tí ò bá síṣẹ́, kò sí pẹ́míìtì. Tí ò bá sí pẹ́míìtì, bàbá, ìyá àtọmọ máa kó ẹrù wọn ni.

"Ta ni kò ní yege?" ni Ẹ̀gbọ́n wí, wọ́n sì ní kí Zeenat ọmọ wọn gbé omi wá.

Jímọ̀, 14 Oṣù Karùn-ún

Afẹ́fẹ́ àti eruku. Mo kírun ní Newtown, mi ò sì lè sọ ohun tí lèmọ́mù wàásù lé lórí.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Karùn-ún

Mo ti mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Mi ò ní bi wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé, ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè há a sórí. Màá ya páìpù kan sórí pépà, láti ìdí bọ́ílà dé ẹnu pọ́ǹpù, màá ní, "Ooru ti wọ inú ẹ̀ báyìí. Fi ìka hàn mí ibi tó ń lọ." Páìpù tó bá gbóná á gùn sí i. Tí kò bá rí àyè, á máa ti ohunkóhun tó bá wà níwájú ẹ̀, pọ́ǹpù ni o, ògiri ni o. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí páìpù fẹ́ lọ, tó kàn sáré lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, irọ́ ni kọ̀ǹpútà máa pa fún un, á sì gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí kálukú mú iṣẹ́ kan tó ti fọwọ́ sí lọ́dún yìí wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò láti ewé àkọ́kọ́. Venter máa jókòó tì wá. Mo lọ là á sílẹ̀ fún un, ó ní "shap," bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń sọ pé ó dáa. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ìyẹn.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Karùn-ún

Ojú tì mí lónìí. Mo pàdé Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, mi ò tíì rí wọn láti àárọ̀, ọwọ́ mi ti kanlẹ̀ kí n tó rí i pé Venter ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ní kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní bírò ni. Ó wo ilẹ̀ títí, kò rí bírò kankan. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé lọ ní tiwọn, ó wá ku èmi àti Venter tí à ń wo ilẹ̀.

Nílé, mo sọ fún wọn pé títí ìdánwò yìí fi máa parí, mi ò ní máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì mọ́, nítorí ẹnu ayé. Wọ́n ní kò burú. Àmọ́ ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ó burú.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹfà

Iléyá ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n pa àgbò kan, wọ́n sì fi itan kan odidi ránṣẹ́ sí mi ní yàrá. Lọ́dún tó kọjá, ọrùn ni mo jẹ, inú mi sì dùn sí i. Bóyá èmi ni mò ń ro àròkarò. Mo jẹ ẹ́. Mo kórìíra ara mi pé mo lè fi ojú àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wo ẹran ọdún tí ẹni tó gbà mí sílé fún mi.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹfà

Pillay yege, kò sí àríyànjiyàn. Nel náà yege, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Bí mo bá ti bi í ní nǹkan, ó máa wo pépà, á fọwọ́ họ ọrùn, á ní, "Eish, mi ò mọ̀ o. Jẹ́ kí n lọ wò ó." Inú Venter ò dùn sí "mi ò mọ̀" yẹn. Inú tèmi dùn sí i gan-an. Ẹni tó ń sọ pé òun ò mọ̀ kò ní fi omi gbígbóná bó ọmọ ọlọ́mọ.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹfà

Wọ́n dìbò nílé lónìí. A fi etí lé rédíò títí. Ẹ̀gbọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn ní pálọ̀ bí ọkọ ìyàwó. "Wàídì, tí eléyìí bá lójú, lọ́dún tó ń bọ̀, ilé là ń lọ! Jo'burg á di ìtàn!" Kò pẹ́ tí Rodiat náà fi ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ìrẹsì níwájú wọn, ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹfà

Kò sí takisí, kò sí iṣẹ́. Ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ iléèwé tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Soweto. Gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́, róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná títì tó wà ní ìkóríta, kàn ń tàn, ó ń kú, kò rí mọ́tò kankan dá dúró.

Mò ń sá aṣọ nígbà tí Rodiat jáde sẹ́yìnkùlé.

"Bọ̀dá Wàídì, ọ̀la ni, àbí?"

"Ọ̀la ni, ìyàwó wa."

Ó bá mi fa etí aṣọ kan. "Ẹ mọ̀ pé wọn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Tí a bá sọnù lójú ọ̀nà, wọ́n á kàn máa wa mọ́tò lọ ni. Tí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi bò ó." Ó nà án sórí okùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ wọn."

Mo ní màá ṣọ́ wọn. Mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣọ́ gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹfà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà tún un sọ fún ara mi lọ́nà míì tó bá dọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n wọ kóòtù eléérú wọn. Mo ya páìpù mi sórí pépà, mo ní kí wọ́n fi ìka hàn mí ibi tó ń lọ. Wọ́n fi hàn mí, kò tiẹ̀ gbà wọ́n lákòókò, wọ́n mọ̀ ọ́n ju Nel lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, àṣé ìdààmú lásán ni mò ń kó bá ara mi láti oṣù tó kọjá. Venter ń mi orí.

A wá kan iṣẹ́ tiwọn. Páìpù omi gbígbóná tó ń lọ sẹ́nu pọ́ǹpù ní Vaal, èyí tí wọ́n ti ń fi iná jó irin rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo ṣí ewé àkọ́kọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ bí ara páìpù ṣe máa gbóná tó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í sípò, Ẹ̀gbọ́n kọ ọgbọ̀n dígírì.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Nílé, nínú oòrùn etí omi yẹn, ọgbọ̀n ni gbogbo wa ń kọ, òótọ́ sì ni, tọ̀sán tòru. Àmọ́ níbí? Láàárọ̀ yìí, mo fi kírédíìtì káàdì àtijọ́ ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì mọ́tò wọn fúnra mi! Páìpù tí wọ́n bá fi sípò nígbà tí irin tutù bí yìnyín, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, kì í ṣe láti orí ọgbọ̀n. Agbára tí ẹnu pọ́ǹpù yẹn lè gbà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò wọn. Tí èèyàn bá tún fi ìyókù kún un, ó ti kọjá ohun tó lè gbà nìyẹn.

Mo fẹ́ rọra béèrè. Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní bí èèyàn ṣe ń rọra bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan.

"Ọgbọ̀n yìí, ibo ló ti wá?"

"Bó ṣe máa ń wà nìyẹn."

"Níbo ló ti máa ń wà bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. "Wàídì, páìpù ni, kì í ṣe èèyàn. Òtútù kì í mú irin." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí, nítorí ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí mo wo ojú wọn. Kì í ṣe àwàdà. Wọ́n gbà á gbọ́ ni. Ooru ni wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣe irin ní nǹkan. Òtútù, ní tiwọn, ara èèyàn ló ń mú, kóòtù ni èèyàn sì ń wọ̀ sí i.

"Kí ló sọ?" ni Venter béèrè.

Àwọn méjèèjì ń wò mí.

"Ó ní òun máa lọ tún ibẹ̀ yẹn yẹ̀ wò."

Venter kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó dáa, ká padà jókòó ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n gbá mi léjìká bí wọ́n ṣe ń jáde. Mo ti purọ́ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n yàn mí sí pé kí n má purọ́.

Jímọ̀, 18 Oṣù Kẹfà

Mo gbìyànjú nílé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òtútù yẹn, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, kò gbà ju wákàtí kan lọ."

"Wàídì. Ní ọ́fíìsì, o lè bi mí ní ohun tó bá wù ẹ́. Má dá mi lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé mi."

Mo ní ẹ má bínú. Mo padà sí yàrá mi.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti fagi lé ìbò nílé. Mo rò pé rédíò ló ṣì sọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí pálọ̀, wọn ò tan iná, Rodiat ò sì sọ pé kí wọ́n tàn án.

"Ilé wo lèèyàn ń padà sí báyìí?" ni wọ́n wí.

Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mú iṣẹ́ náà padà wá. Wọ́n ti pa ọgbọ̀n rẹ́, wọ́n ti kọ mọ́kànlélógún. Inú mi kọ́kọ́ dùn.

Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ mọ́kànlélógún?"

"Ohun tí Nel ń lò nìyẹn."

Nel ń lò ó fún páìpù tó wà nínú ilé, lábẹ́ òrùlé! Ìta gbalasa ni tiwọn wà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bíi pé èmi gan-an ni mò ń kọ́ ọ. Mo ní tó bá jẹ́ àárọ̀ Oṣù Keje ni àwọn òṣìṣẹ́ fi páìpù náà sípò ńkọ́, tí yìnyín wà nílẹ̀, kí ni ẹnu pọ́ǹpù máa rí? Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí wọ́n kàn ní "mi ò mọ̀." Ẹyọ gbólóhùn kan péré. Màá gbá a mú, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bíi góòlù.

Wọ́n ti bírò síwájú mi lórí tábìlì. Wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kedere, kí Venter gbọ́.

"Sọ iye tó o fẹ́ fún mi. Màá kọ ọ́."

Venter pa ìwé tiẹ̀ dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sóhun tí mo fẹ́ túmọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Keje

A lọ sí Vaal, èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ní ká lọ. Mo rò pé tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i, kò ní jẹ́ pé èmi ni mo bá wọn jà.

A ti débẹ̀ kí oòrùn tó ràn. Koríko funfun láti ibi tí a dúró sí dé ibi tí ojú lè ríran mọ. Wọ́n ti fi páìpù náà sípò lọ́sàn-án ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí oòrùn mú díẹ̀. Lónìí, òtútù ti sún un kì, ó ti gbéra kúrò lórí irin tó yẹ kó jókòó lé. Mo ti owó kọ́ìn kan bọ abẹ́ ẹ̀, ó wọ̀ ọ́ geere. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn kí Ẹ̀gbọ́n náà lè wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́.

Ọkùnrin méjì ti jókòó ti ìdí pọ́ǹpù, wọ́n fi í sá fún afẹ́fẹ́, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Wọ́n kí wa. A kí wọn.

Èmi ni mo wa mọ́tò padà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan há abẹ́ ẹ̀. Ó ti tán."

"Tí wọ́n bá há a báyìí, Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá gbóná, tó fẹ́ padà sílẹ̀ ńkọ́? Ibo ló máa kọjú sí?"

Ẹnu pọ́ǹpù ni. Ọmọdé lè rí i. Wọ́n yí ojú sí fèrèsé títí a fi dé Troyeville.

Jímọ̀, 9 Oṣù Keje

Mo kọ ìwé àbájáde ìdánwò Ẹ̀gbọ́n. Mo kọ gbogbo dáadáa tí wọ́n ní, pé wọ́n mọ ibi tí páìpù ń lọ, pé wọ́n mọ irin, pé ọwọ́ wọn yá. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ dá fọwọ́ sí ìṣirò kankan fúnra wọn títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, "he" ni mo ń kọ. "He did not know." Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí mo rán níṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ dáadáa. Mo sunkún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Keje

Venter ka ìwé náà. Ó ní lọ́dọ̀ tòun, ẹnjiníà ni èèyàn tàbí kó máa lọ, kò sí àárín. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní wọ́n á mọ̀ ọ́n, pé ohun kan péré ló kù. Ó ní ta ló máa jókòó tì wọ́n. Mo ní èmi.

Ó gbà níkẹyìn. Ó ní iléeṣẹ́ máa kọ ìwé pẹ́míìtì, àmọ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹnjiníà, abẹ́ mi sì ni wọ́n máa wà. Kí wọ́n fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí, tàbí kí wọ́n máa lọ.

Ó pe Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó sì sọ ọ́ lójú mi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n kọjá lára mi.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá mi lálẹ́ àná. Wọn ò jókòó.

"Ta ló mú ọ wá sí ìlú yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló fi ilé bò ọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ọgbọ̀n! Ọgbọ̀n lásán lo tà mí sí! O ò lè pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o sọ fún mi?"

"Mo pè yín. Ẹ ní kí n má dá yín lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé yín."

Wọ́n di ilẹ̀kùn mú. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí, ìyẹn ì bá sàn. Wọ́n ní, "Kí n wá jókòó síwájú rẹ, kó o máa fi ìka nà mí? Èmi?" Wọ́n sì lọ.

Láàárọ̀ yìí, Rodiat gbé oúnjẹ mi síta ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Mo jáde bá a.

"Mo ní kí ẹ bá mi ṣọ́ wọn," ó wí.

"Rodiat, ọkùnrin méjì ń jẹun nídìí pọ́ǹpù yẹn. Mo rí wọn."

"Mi ò mọ ọkùnrin méjì yẹn." Kò pariwo. Ó ti ń sunkún. "Ọkọ mi ni mo mọ̀."

Òun náà ò parọ́.

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Keje

Mo kó lọ sí Jeppestown, yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dúró. Ẹ̀gbọ́n wà ní pálọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, ewé kan náà ni wọ́n ṣí sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kó ẹrù títí mo fi kó o tán. Zeenat sin mi dé géètì. "Uncle, are you coming back?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n ò wá síṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Nel ti tún ìṣirò páìpù yẹn ṣe pẹ̀lú mi, wọ́n máa gé e, wọ́n á fi ibi tó tẹ̀ kan kún un kó lè rí àyè gùn. Iṣẹ́ tó dára ni. Mi ò láyọ̀ kankan nínú ẹ̀.

Mò ń ronú pé wọ́n ti fẹ́ máa kó ẹrù. Ní ìlú tí wọ́n ti ń dáná sun táyà láàárín títì báyìí nítorí ìbò yẹn ni wọ́n fẹ́ kó Zeenat padà sí. Ṣé mo ṣe dáadáa? Mo bi ara mi léèrè, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè sùn.

Jímọ̀, 23 Oṣù Keje

Venter yọjú sí mi. Ó ní Abisoye ti fọwọ́ sí i. Rodiat ló bá wọn wá, ó ní, obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi kọ orúkọ wọn tán. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Mo wólẹ̀ dúpẹ́ ní mọ́sáláṣí lónìí. Pẹ́míìtì á wà. Wọn ò ní lọ. Mo ti ń rò ó pé tí oṣù mélòó kan bá kọjá, a tún máa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí nídìí ìrẹsì.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Keje

Wọ́n ti gbé tábìlì kékeré kan síwájú tèmi, èyí tí kò ní dúrọ́ọ̀. Mo tètè dé kí wọ́n lè bá mi lórí ìdúró. Mo kó pépà mi, bírò mi àti kóòpù tíì mi sórí tábìlì kékeré yẹn, mo fi tábìlì ńlá sílẹ̀ fún wọn. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibí ni kí ẹ jókòó. Èmi lọmọdé."

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n há fáìlì sí abíyá, kóòtù eléérú yẹn wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì ti fá irùngbọ̀n. Wọ́n rí ohun tí mo ṣe sí tábìlì. Wọ́n lọ kó pépà mi, bírò àti kóòpù náà, wọ́n tò wọ́n padà sórí tábìlì ńlá, wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, tíì ò dànù. Wọ́n wá dúró níwájú mi, wọ́n tẹ orí ba.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé Venter ló wọlé. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.